Kànga Ọdẹ́wálé àti Ìwé Olùkọ́

Hortense Ọdẹ́wálé ń bomi rin ọmọ ọ̀pẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn nínú ọgbà tí ìjọba tuntun dá sí ẹ̀bá ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́ lẹ́yìn òmìnira. Láàárọ̀, á fa omi, á gba àárín ebè kọjá, á máa wọ́n ọn sídìí wọn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbé garawa. Ọwọ́ òsì ti jóná nígbà tó wà ní kékeré, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ń se epo lẹ́yìnkùlé tí ìkòkò dojú dé. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e lẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì yà mọ́.

Ìyá náà ti kú. Ó ku Hortense àti bàbá rẹ̀, Ọdẹ́wálé, akọ̀pẹ Aguidi, ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì kúrú láti ìgbà náà. Ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ abúlé. Igi ìyeyè kan wà níwájú ilé, kànga sì wà lábẹ́ igi náà. Orí òkè ni ilẹ̀ wa wà, omi jìn níbẹ̀. Bí o bá ká okùn kànga yẹn, ó tó ẹrù orí. Bàbá tó bí Ọdẹ́wálé ló gbẹ́ ẹ. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn níbẹ̀. Wọn kì í mú nǹkan kan wá, wọ́n kàn ń kí onílé.

Hortense kò lẹ́wà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì burẹ́wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Innocent, ọmọ Fáṣínà, àgbẹ̀ ará Towé, rí i lọ́jà Pobẹ̀, ó ní òun máa fẹ́ ẹ. Wọ́n sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kan kò pé. Ó ní bí òun bá ń wá ọwọ́, òun ì bá háyà lébìrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé iṣu àti ọtí wá bá Ọdẹ́wálé. Láti ìgbà náà, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Innocent á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti Towé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, wọ́n á ro oko Ọdẹ́wálé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe é tí inú àna fi dùn ni yóò mú ìyàwó lọ. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí Aguidi, olùkọ́ tí wọ́n rán wá kò rí ibi sùn. Ọdẹ́wálé fún un ní yàrá. Bonaventure lorúkọ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Mùsíè bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́, ọmọ Pobẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wé Faransé dáadáa, tó sì mọ Yorùbá kà lójú ìwé, nítorí inú ìjọ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Hortense ló ń pọn omi ìwẹ̀ fún un. Ó máa ń béèrè nǹkan. Báwo lọwọ́ rẹ ṣe jóná? Ta ló gbin ìyeyè yìí? Imọ̀ wo ni bàbá dì mú tó fi já bọ́? Hortense á dáhùn. Ó rò pé àlejò ló ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Kò sí ẹni tó lè purọ́ mọ́ olùkọ́ náà: kò fọwọ́ kan obìnrin ilé, kò pariwo, ó ń kí àgbà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Pobẹ̀, Ọdẹ́wálé fi àkùkọ kan sìn ín dé ọ̀nà.

Ní Pobẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé.

Ìdí tó fi kọ ọ́ dára. Ní ilé ẹ̀kọ́, Faransé nìkan ni. Ọmọ tó bá ṣèèṣì sọ Yorùbá, wọ́n á fi àmì kọ́ ọ lọ́rùn bí ewúrẹ́. Ìwé Yorùbá tí àwọn ọ̀dọ́ Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́ mọ̀ nígbà náà ni Bíbélì, ìwé orin, àti ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Kò tún sí òmíràn. Bonaventure wò ó, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti dàgbà kọjá ọ̀rọ̀ ìjàpá, kò sì tíì tó ẹni tí àgbà ń pè sí ìdí ọ̀rọ̀. Ta ló wá ń bá irú wọn sọ̀rọ̀? Awakọ̀ ni, àwọn tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ná ọ̀nà Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń fi bisikíìtì tan ọmọbìnrin. Bonaventure ní òun náà yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó kọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó pè ní Clémence. Níwájú ilé Clémence, ìyeyè wà, kànga wà lábẹ́ ìyeyè. Bàbá Clémence jẹ́ akọ̀pẹ tó já bọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrú. Ìyá Clémence ti kú. Ọwọ́ òsì Clémence jóná, ìka méjì lẹ̀ mọ́ra. Títí dé ibẹ̀, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ló kọ. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ akẹ́rù kan wọ inú ìwé, ó tan Clémence. Clémence lóyún, ó fi ìró bò ó, ó bí i ní kọ̀rọ̀, ó sì sọ ọmọ náà sínú kànga. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń fa omi, á máa gbọ́ igbe ọmọ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Inú orí ara rẹ̀ ni olùkọ́ ti mú awakọ̀ náà wá. Ibẹ̀ náà ló ti mú ọmọ wá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, èyí tí ìjọ fi ń tẹ orin ọdún Àjíǹde, òun ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bébà kan náà, tàdáwà kan náà.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ pa àlọ́ á kọ́kọ́ ní, "Àlọ́ o." Àwọn tó jókòó á ní, "Àlọ̀." Bó bá parí, á fi agogo ẹnu rẹ̀ búra, wọ́n á rẹ́rìn-ín, oníkálùkù á lọ sùn. Àlọ́ ní ẹnu ọ̀nà tí a ń bá wọlé, ó ní èyí tí a ń bá jáde. Ọmọ tí kò tíì yọ eyín mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ẹnu ọ̀nà yẹn, ìtàn ni, ìtàn kì í sì í ṣe eré. Ìtàn la fi ń mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìtàn la fi ń mọ ilé tí a kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ wọn. Bonaventure kò pe àlọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni: "Ilé kan wà, ìyeyè wà níwájú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún ńkọ́? Ó yí orúkọ padà, ó rò pé òun ti fi bo Hortense láṣìírí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Aguidi, àṣírí tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọn kì í fi orúkọ olórúkọ sọ. Ẹni tó ń purọ́ mọ́ni ló ń dárúkọ ẹni. Orúkọ tó yí padà yẹn gan-an ló jẹ́ kó dá gbogbo wọn lójú.

Ẹnu Eugénie ni Hortense ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọmọ Aguidi ni Eugénie, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ló ń kàwé fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi, nítorí ohùn rẹ̀ já gaara. Ó wá bá Hortense nínú ọgbà, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Mo máa ń bú yín lẹ́yìn. Mo máa ń sọ pé ìgbéraga ló ń ṣe yín tí ẹ kì í bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. N kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ló wà lọ́kàn yín. Gbogbo wa la sunkún lọ́jọ́ ìsinmi, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọkùnrin pàápàá sunkún."

"Kí lẹ ń sunkún sí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin àti ọmọ náà."

"Ọmọ wo?"

Eugénie wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Olùkọ́ kò kọ ọ́ síbẹ̀."

Hortense gbé garawa sílẹ̀. Ó ní kí ó kà á fún òun. Eugénie yọ ìwé náà nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó dúró láàárín ebè, ó kà á. Nígbà tó kan ìyeyè, Hortense rẹ́rìn-ín; kò rò pé igi wọn lè dénú ìwé láéláé. Ó tún rẹ́rìn-ín nígbà tó kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ dé, ẹ̀rín tán. Ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ó gbé garawa rẹ̀, ó bomi rin ebè tó ti rin tẹ́lẹ̀.

"Irọ́ ni," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ní irọ́ ni, Eugénie."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Irọ́ ni." Bí wọ́n ṣe ń dá aláìsàn lóhùn ló ṣe dá a lóhùn. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún kúnlẹ̀, ó lọ.

Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Wọ́n kàn ń kà á ni. Wọ́n kà á fún ìyá wọn, wọ́n kà á fún bàbá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí igi. Àwọn tó ń gbọ́ kò béèrè ẹni tí Clémence jẹ́. Wọ́n á kàn mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ tó máa ń dákẹ́ yẹn."

Àwọn tó ń pọn omi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Wọ́n ń rìn kọjá ilé Ọdẹ́wálé lọ sí kànga tó wà lẹ́yìn ọjà, ọ̀nà jìnnà, ẹrù sì wúwo. Ọdẹ́wálé jókòó lábẹ́ ìyeyè, ó ń wò wọ́n. Ó pe Ìyá Basile, aládùúgbò rẹ̀, ẹni tó ti ń pọn níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wá sílé ọkọ.

"Ìyá Basile, ṣé omi wa ti korò ni?"

"Rárá o, Bàbá. Omi yín dùn. Ikùn mi ni kò gbà á mọ́."

"Ikùn rẹ nìkan ni?"

"Ikùn gbogbo wa ni, Bàbá. Ẹ forí jì wá. Ẹni tó bá ti gbọ́, báwo ló ṣe fẹ́ mu ún?"

"Ọmọbìnrin mi ń mu ún. Èmi náà ń mu ún."

"Ẹ̀yin lẹ ni ín," Ìyá Basile wí, ó sì kọjá lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún náà nígbà tí a kò retí rẹ̀. Hortense gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ọgbà. Ó ra ẹran, ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó máa tó àwọn aroko. Ó kó o sábẹ́ ìyeyè, ó fi ewé bò ó. Oòrùn yọ, ó gòkè, ó kọjá orí. Kò sí ẹni tó gbé ọkọ́ wá láti Towé. Nígbà tí ọbẹ̀ fẹ́ kan, Ọdẹ́wálé ní kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Àwọn ìyá wọn kò jẹ́ kí wọ́n wá gbà á. Ajá ló jẹ iyán ọ̀wẹ̀ Innocent.

Ní ọjọ́ kejì Ọdẹ́wálé gbé ọ̀pá, ó ń tiro lọ sí Towé. Fáṣínà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Fáṣínà. Ó ní òun kò mọ̀wé, òun kò sì sọ pé ọmọ ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ilé òun ló kà á, àwọn obìnrin ilé òun ló gbọ́ ọ, wọ́n sì ní àwọn kò lè gba ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà.

"Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè," Fáṣínà wí. "Ìtòsí níbí náà ló wà. Kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú wa. Bó bá ní irọ́ ni, Innocent á gbé ọkọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi á bá a gbé e."

Èyí ló gbé Hortense wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí Pobẹ̀. Kò sùn lójú ọ̀nà, kò wo ìta. Ó ń ro ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ gbà lẹ́nu olùkọ́, ó ń gé e kúrú kí ó má baà wúwo fún un láti sọ.

Bonaventure ń gbé ní ilé bíríkì kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó yọ̀ nígbà tó rí i, ó sáré gbé àga jáde.

"Hortense! Bàbá ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mùsíè."

"O ti gbọ́ nípa ìwé mi?"

"Mo ti gbọ́."

"Wọ́n ń kà á dé Kétu! Ọmọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ rìn wá síbí láti oko wọn, ó ní òun kàn fẹ́ rí ẹni tó kọ ọ́ ni. Mo fi ilé yín sí i, o rí i? Mo fi ìyeyè yín sí i."

"Mo rí i. Ẹ fi ọwọ́ mi náà sí i."

"Ọwọ́ rẹ ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀."

"Ta ni awakọ̀ yẹn, Mùsíè?"

"Awakọ̀ wo?"

"Èyí tó fún mi lóyún."

Ẹ̀rín kúrò lójú olùkọ́. Ó jókòó. "Kì í ṣe ìwọ. Clémence ni."

"Clémence kò ní kànga. Àwa la ní kànga. Ẹnikẹ́ni kò pọn níbẹ̀ mọ́. Àwọn àna mi kò wá ro oko."

Bonaventure fi ọwọ́ pa orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní àròsọ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ó ní èèyàn á ṣa èyí tó rí, á ṣa èyí tó rò, á pò wọ́n pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn níbi gbogbo tí wọ́n ti ń kọ̀wé láyé. Hortense gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Àlọ́ nìyẹn," ó wí.

"Àlọ́ jẹ́ ti ọmọdé. Tèmi jẹ́ ti ọ̀dọ́."

"Àwọn ọ̀dọ́ náà kò mọ̀ pé àlọ́ ni. Ẹ kò sọ fún wọn."

"Bí mo bá sọ fún wọn, wọn kò ní bẹ̀rù mọ́."

"Kànga wa ni wọ́n ń bẹ̀rù, Mùsíè. Wọn kò bẹ̀rù awakọ̀. Eugénie tó ń kà á fún wọn gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Iwájú ló jókòó sí."

Adìyẹ kan wọlé, ó jáde. Olùkọ́ wá béèrè ohun tí Hortense fẹ́ kí òun ṣe.

"Kí ẹ wá sí Towé. Kí ẹ sọ fún Bàbá Fáṣínà pé, 'Irọ́ ni mo pa, kò sí ọmọ nínú kànga Ọdẹ́wálé.' Kí ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Olùkọ́ kì í dúró láàárín àwùjọ kó ní òun purọ́, Hortense. Kí ni màá wá sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń nà tórí irọ́?"

"Ẹ má pè é ní irọ́ nígbà náà. Orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ pè é. Kí ẹ ṣáà ní kò sí ọmọ níbẹ̀."

Ó rò ó pẹ́. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní, "Màá wá."

Ó sì wá. Kí a fún un ní tirẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ló gùn dé Towé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Hortense àti Ọdẹ́wálé ti jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fáṣínà. Innocent jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń fi èékánná họ orí eékún ara rẹ̀. Ìyá Cyprien, àbúrò Fáṣínà obìnrin, jókòó sí ibi tí gbogbo èèyàn ti lè gbọ́ ọ. Ohun tí Hortense kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìròyìn ti ṣáájú olùkọ́ dé. Àwọn ọ̀dọ́ Towé ti kún ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé. Púpọ̀ nínú wọn mú ìwé náà lọ́wọ́, ó ti rún, ó ti dọ̀tí, ẹlòmíràn ti fi òwú gán tirẹ̀. Wọ́n ń pè é, "Olùkọ́! Olùkọ́!" Ọmọbìnrin méjì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ibòji bí ẹni gbé ẹyin.

Wọ́n kí ara wọn tán. Fáṣínà ní, "Mùsíè, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Èmi kò mọ̀wé. Ìbéèrè mi kò gùn. Ohun tí ẹ kọ nípa kànga yẹn, ṣé òótọ́ ni, àbí irọ́ ni?"

Bonaventure dìde dúró. Kò sí ẹni tó ní kó dìde. "Bàbá, àròsọ ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ìyá Cyprien béèrè. "Ṣé ó ju irọ́ lọ ni, àbí kò tó irọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí èèyàn rò lọ́kàn ni, Ìyá."

"Gbogbo wa là ń rò lọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo rò lọ́kàn nípa ìyàwó ilé yìí ni mo ń gbé fún ìjọ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín tún sọ. Hortense rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ síbi tó dára. Bí olùkọ́ bá sọ gbólóhùn yẹn báyìí, nígbà tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, kò ní wúwo, yóò kọjá bí àwàdà. Ó wo ẹnu rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé irọ́ ni o! Ìwé yẹn ni mo kà tí mo fi lé awakọ̀ kan padà. Ó ti ra aṣọ fún mi tán!"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ó lé e! Ojú wa ló ṣe!"

"Ṣé irọ́ ló lé e ni?" ọmọkùnrin kan béèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń wo olùkọ́ bí ẹni tó ń wo ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí.

Bonaventure yíjú sí wọn. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ ọmọ, kò tíì sí ọmọ tó wò ó báyìí. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti gbé gbólóhùn Hortense sẹ́nu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Hortense rí i bó ṣe gbé e mì.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́," ó wí, "ẹ má bẹ̀rù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá létí á gbọ́."

"A ti gbọ́," Ìyá Cyprien wí.

"Ìyá, ohun tí mò ń sọ kọ́ nìyẹn. Òótọ́ ti ọkàn ni mo..."

"A ti gbọ́, Mùsíè. Ẹ má tún un sọ."

Obìnrin tí wọ́n fẹ́ mú wá sílé kì í sọ̀rọ̀ níwájú àna tí wọn kò bá bi í. Hortense sọ̀rọ̀.

"Mùsíè, ẹ dá bàbá lóhùn. Ṣé ọmọ kan wà nínú kànga wa?"

"Nínú ìwé, ó wà."

"Nínú kànga ni mo wí."

"N kò sọ pé ó wà nínú kànga yín."

"Ẹ sọ pé kò sí."

Ojú ń ti olùkọ́. Òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó wá ọ̀nà tí yóò gbà kúrò nínú rẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà rí i, ó sì rí ọ̀nà kan. Ó rẹ́rìn-ín.

"Hà, Hortense," ó wí, "kànga tó jìn tó yẹn, ta ló lè búra nípa ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni. Olùkọ́ kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn ju kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ó lè jókòó. Ó sì jókòó.

Kò sí àgbà tó rẹ́rìn-ín. Fáṣínà fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó yíjú sí bàbá Hortense. "Àna mi," ó wí. Ó tún un ṣe. "Ọdẹ́wálé. Ẹ ti gbọ́ bí èmi ṣe gbọ́. A ó ṣì máa rò ó."

"Kí lẹ fẹ́ máa rò?" Ọdẹ́wálé béèrè. Ohùn rẹ̀ ga. "Ìwé ni ẹ fẹ́ fẹ́, àbí ọmọ mi?"

"A ó ṣì máa rò ó," Fáṣínà wí.

"Mo já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, n kò kú. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo fún ní yàrá ló fẹ́ pa mí!" Ọdẹ́wálé fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Bonaventure! Gbé ojú rẹ sókè!"

Bonaventure kò gbé ojú sókè. Àwọn ọ̀dọ́ ti wọlé, wọ́n yí i ká, wọ́n ń na ìwé sí i kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sára tiwọn. Ó yọ bíróò, ó ń kọ ọ́ lórí eékún rẹ̀. Ó ń bi wọ́n ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Innocent," Hortense wí.

Innocent wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó la ẹnu, ó wo Ìyá Cyprien, ó wo bàbá rẹ̀, ó tún padà wo ilẹ̀.

"Bàbá mi ló ni ọ̀rọ̀," ó wí.

Ìyá Cyprien ti ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àṣà ni, a kì í jẹ́ kí àlejò fi ebi lọ, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rí. Wọ́n gbé àwo kan fún olùkọ́, wọ́n gbé ọ̀kan fún Ọdẹ́wálé. Àwọn obìnrin ilé jọ ń jẹ nínú àwo kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ti Hortense fún un ní àwo ọ̀tọ̀.

Hortense dìde.

"O ò tíì jẹun," Ìyá Cyprien wí.

"Ẹ ṣé, Ìyá."

Ó kúnlẹ̀ fún Fáṣínà bó ti yẹ. Ó kọjá lára àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n yà fún un, ọmọbìnrin ojú fèrèsé sì fi àánú dì í mú lápá. Ó yọ apá rẹ̀. Ó bọ́ sójú ọ̀nà Aguidi, ó lọ.